Ẹsẹ̀ Kan Nílẹ̀: Ohun tí Eré Ìdúróṣinṣin ń Ṣe fún Ọpọlọ

Ẹni tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò dúró jẹ́ẹ́ rárá. Bí èèyàn bá wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ̀ sí ọ̀tún, iṣan kan fà á padà; ó yẹ̀ sí òsì, iṣan mìíràn dá a dúró. Ìka ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, ó tún ń tú u sílẹ̀. Orúnkún ń rọ díẹ̀, apá ń ṣí kúrò lára láìjẹ́ pé ẹni náà pàṣẹ fún un. Gbogbo àtúnṣe yìí ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, inú agbárí sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ìdí nìyí tí eré ìdárayá tó ń kọ́ ara ní ìdúróṣinṣin, àti èyí tó ń kọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú láti ṣiṣẹ́ pọ̀, fi jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò.

Kí ọpọlọ tó lè gbé ara dúró, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ara wà àti ibi tó ń yẹ̀ sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìròyìn yẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú ń sọ ohun tó rí. Etí inú ń sọ bí orí ṣe ń yí. Iṣan, oríkèé àti àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń ránṣẹ́ nípa bí wọ́n ṣe nà, bí wọ́n ṣe ká àti bí wọ́n ṣe tẹlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ iṣẹ́ ojú. Àwọn méjì yòókù ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n wà, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá bàjẹ́.

Nínú egungun ẹ̀bátí, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́rọ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ yípo wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, omi ló sì kún inú wọn. Bí obìnrin tó ru abọ́ omi bá yí padà lójijì, abọ́ á yí bá a, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú ihò wọ̀nyí ṣe ń kẹ́yìn nígbà tí orí bá yí. Omi tó kẹ́yìn náà á tẹ irun tín-ín-rín orí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á sì jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé orí ti yí, apá ibi tó yí sí, àti bó ṣe yára tó. Mẹ́ta ni wọ́n nítorí pé ọ̀nà mẹ́ta ni orí lè gbà yí: èyí tí à ń fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí à ń fi kọ̀, àti èyí tí à ń fi gbé orí lé èjìká. Lẹ́bàá wọn ni àpò kékeré méjì wà tí ẹ̀rún òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, òkúta tí èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìkarahun ìgbín. Ìwọ̀n òkúta yẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó di ojú ṣì mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Robert Bárány, dókítà etí kan ní ìlú Vienna, ló la ọ̀nà òye yìí. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń fi omi fọ etí aláìsàn, òòyì máa ń kọ́ ọ, ẹyinjú rẹ̀ á sì máa sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí omi bá tutù, ẹyinjú á sáré sí apá kan. Bó bá gbóná, á sáré sí òdìkejì. Ó wá yé e pé òtútù àti ooru ló ń ti omi inú etí, tí ọpọlọ fi ń rò pé orí ń yí. Wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 dá a lọ́lá, ìròyìn náà sì bá a ní àhámọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, níbi tó ti jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun. Títí di òní, àwọn dókítà ṣì ń fi omi tútù àti omi gbóná yẹ etí wò.

Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé yìí lè rí iṣẹ́ etí inú fúnra rẹ̀. Kó di ìwé mú gírígírí, kó wá máa mi orí lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀rọ̀ orí ìwé á ṣì ṣeé kà. Kó wá dá orí dúró, kó máa mi ìwé bákan náà. Ọ̀rọ̀ á dàrú. Nígbà tí orí mì, etí ti sọ fún ẹyinjú kó yí sí òdìkejì, kíákíá, kí ojú má bàa pàdánù ohun tó ń wò. Nígbà tí ìwé mì, kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìròyìn kẹta, èyí tó ń ti inú iṣan àti oríkèé wá, ló ṣòro jù láti ronú kàn. Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 19 kan tó ń ṣe iṣẹ́ alápatà ní erékùṣù Jersey ṣe àìsàn kan, àìsàn náà sì ba àwọn iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Agbára ara rẹ̀ kò dín. Ọwọ́ rẹ̀ lè fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ta, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jókòó, ká tó wá sọ pé kó dìde. Ó gbà á ní oṣù àti ọdún kó tó kọ́ ìrìn padà, ojú ló sì fi kọ́ ọ: ó gbọ́dọ̀ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó máa ronú sí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá kú lójijì nínú yàrá, yóò ṣubú lulẹ̀. Jonathan Cole, dókítà tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ odidi ìwé kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Ohun tí ọpọlọ ẹlòmíràn ń ṣe láìbéèrè ni ọkùnrin yìí ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe.

Àyẹ̀wò tí àwọn dókítà fi ń mọ irú àdánù yìí rọrùn gan-an. Moritz Romberg, oníṣègùn ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Aláìsàn á pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, á dúró, á wá di ojú. Bó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló ń gbé e dúró, kété tó bá dì í ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìmọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí nípa àìsàn kan tó ń bá àwọn àgbàlagbà jà lágbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀sọ́sà. Ẹsẹ̀ wọn á kú tipiri, ìrìn wọn á di títa gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú á máa ṣú, etí àwọn kan á di. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nawọ́ sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, pàápàá lára ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé wọn ti bá wọn jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn lórí ohun tí ó ń bàjẹ́. Ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ lọ, ojú tí ì bá rọ́pò rẹ̀ náà ń lọ, ara kò wá ní ohun tí yóò fi dúró mọ́.

Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú ń ṣe irú ìbàjẹ́ kan náà sí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ní ti etí inú, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀: abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí, pàápàá bí wọ́n bá gún un lọ́pọ̀ ọjọ́ tàbí tí kíndìnrín aláìsàn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bá kú kì í sábà hù padà. Gbígún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìsí ìwé dókítà jẹ́ ewu tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá lé.

Ibi tí ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé pọ̀ jù lọ wà ní ìpàkọ́, lábẹ́ ọpọlọ ńlá. Cerebellum ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ọpọlọ ìpàkọ́ ni yóò máa jẹ́ nínú orí yìí. Kò tóbi, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n gbogbo ọpọlọ ló jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rio de Janeiro ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ ènìyàn, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2009, nǹkan bí bílíọ̀nù 86 ni wọ́n kà, nǹkan bí bílíọ̀nù 69 nínú wọn ló sì wà ní ọpọlọ ìpàkọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń wo apá yìí bí ìránṣẹ́ lásán fún ọpọlọ ńlá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ohun tó ń bọ̀. Kí ẹsẹ̀ tó kan àtẹ̀gùn, ọpọlọ ìpàkọ́ ti ro bí ilẹ̀ yóò ṣe rí lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kàn án bó ṣe rò, kò sí ọ̀rọ̀. Bí àtẹ̀gùn bá jìn ju bó ti rò lọ, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó rò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ á dé bí ìkìlọ̀ sọ́dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí wọ́n ń fi orúkọ Purkinje pè. Ìkìlọ̀ yẹn á yí ìsopọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà padà díẹ̀, èrò ti ìgbà mìíràn á sì sún mọ́ òótọ́ sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Láìsí àṣìṣe, ọpọlọ ìpàkọ́ kò ní ohun tó máa kọ́. Ẹni tó ń fẹ́ ṣubú tí kò ṣubú, tó yẹ̀ tó sì gba ara rẹ̀ dúró, ni ọpọlọ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń ṣe ohun tó ti mọ̀ dunjú ń lo ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Gordon Holmes, oníṣègùn ọpọlọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó ní ilẹ̀ Faransé, ṣàyẹ̀wò àwọn tí ọta ìbọn bà ní ìpàkọ́. Ọwọ́ wọn kò rọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ìka kan imú, ìka náà á gbọ̀n, á kọjá ibi tó ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ sọ fún un pé ọwọ́ òun tó dá ṣáṣá ń ṣiṣẹ́ láìronú, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ máa ro gbogbo ohun tí ọwọ́ kejì bá fẹ́ ṣe. Ní ọdún 1998, Jeremy Schmahmann àti Janet Sherman ní ìlú Boston fi hàn pé ìbàjẹ́ ọpọlọ ìpàkọ́ kì í mọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn aláìsàn wọn ń ní ìṣòro láti to èrò wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti wá ọ̀rọ̀ tó yẹ lẹ́nu, láti mọ bí nǹkan ṣe wà sí ara wọn ní àyè, àti láti ṣàkóso ìbínú tàbí ẹ̀rín wọn. Ó wá hàn pé ibi tó ń tún ìrìn ṣe náà ń bá èrò tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹ̀kọ́ ìdúróṣinṣin lè yí ọpọlọ ẹni tí ara rẹ̀ le padà, kó sì hàn sójú. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ wá láti Yunifásítì Regensburg ní Jámánì ní ọdún 2004. Bogdan Draganski àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sókè lẹ́sẹẹsẹ láìjẹ́ kí ọ̀kan bọ́, wọ́n ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ. Àwòrán ọpọlọ wọn fi hàn pé apá tó ń tẹ̀lé ohun tó ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n pa eré náà tì fún oṣù mẹ́ta mìíràn, ohun tó pọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Apá méjèèjì àbájáde yìí ló yẹ ní ìrántí, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ló ń sọ ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fo èkejì.

Ní Leipzig, Marco Taubert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ìdúróṣinṣin gan-an. Pákó kan tó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn dúró lé, kí wọ́n gbìyànjú láti mú un tẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ìṣẹ́jú 45 nígbà kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2010. Lẹ́yìn ìgbà méjì péré, ìyípadà ti ń hàn ní iwájú orí àti ní àtàrí, níbi tí ọpọlọ ti ń ṣètò ìgbésẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀ lápapọ̀! Ọpọlọ àgbàlagbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ti gan ṣì ń dáhùn kíákíá bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un bá ṣòro tó.

Èyí tó kan ìrántí tààrà ni ìwádìí Ann-Kathrin Rogge àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hamburg, tó jáde ní ọdún 2017. Wọ́n pín ogójì èèyàn tí ara wọn dá, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 19 sí 65, sí ọ̀nà méjì láìṣojúsàájú. Àwọn kan ń ṣe eré ìdúróṣinṣin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kejì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ara balẹ̀ sinmi. Nígbà tó parí, ìrántí àwọn tó ṣe eré ìdúróṣinṣin ti dára sí i, òye wọn nípa bí nǹkan ṣe wà ní àyè náà sì pọ̀ sí i. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èrè ọpọlọ náà kò wá látinú mímí hẹlẹhẹlẹ àti ìlàágùn, bí ti eré sísá ti ń rí. Látinú ìdúróṣinṣin fúnra rẹ̀ ló ti wá. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ ló sàn o: agbára láti ṣètò nǹkan àti láti kó ara ẹni níjàánu kò yí padà nínú ìwádìí náà.

Kí ló pa dídúró àti rírántí pọ̀? Ọ̀nà náà gba etí inú kọjá. Nínú ọpọlọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ní ọ̀tún àti òsì, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ló ń sọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ di ìrántí, òun náà ló sì ń ya àwòrán ọ̀nà sí ọkàn, kí ẹni tó jáde nílé lè mọ̀nà padà. Kó tó lè ya àwòrán yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí orí kọ sí àti bí ara ṣe ń rìn, etí inú ló sì ń sọ ọ́ fún un. Thomas Brandt àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Munich ṣàyẹ̀wò àwọn tí etí inú wọn méjèèjì ti kú pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2005, wọ́n kéde pé hippocampus àwọn wọ̀nyí ti sún kì ní nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá lọ, wọn kò sì mọ̀nà dáadáa nígbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dán wọn wò. Ojú wọn ríran, ẹsẹ̀ wọn rìn, àmọ́ ọpọlọ tó ń ya àwòrán ọ̀nà ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn tó ń jíṣẹ́ fún un.

Àìtó ìdúróṣinṣin sábà máa ń hàn nígbà tí ìrìn àti ọ̀rọ̀ bá pàdé. Ní ọdún 1997, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Sweden, tí Lillemor Lundin-Olsson ṣaájú wọn, ń bá àwọn arúgbó 58 rìn, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn 12 dúró kí wọ́n tó lè dáhùn. Láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀lé e, mẹ́wàá nínú àwọn 12 yẹn ṣubú. Ìrìn ti di ohun tí ọpọlọ wọn ń ronú sí, kò wá ku àyè fún ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá mú ìyá àgbà rẹ̀ lọ sọ́jà lè rí àmì kan náà láìní irin iṣẹ́ kankan: bí Màmá bá ń dúró ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ó tọ́ kí wọ́n mú un lọ fún àyẹ̀wò kó tó ṣubú.

Ìwádìí mìíràn tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jáde láti Rio de Janeiro ní ọdún 2022. Claudio Gil Araújo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn 1,702 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 75 dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò lè ṣe é. Nínú àwọn ọdún tí wọ́n fi tẹ̀lé wọn, ewu ikú àwọn tí kò lè ṣe é fi ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti ọjọ́ orí, ìsanra àti àìsàn mọ́ ọn. Èyí kò sọ pé àìlèdúró ló pa wọ́n. Ohun tó sọ ni pé ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ ń fi ọ̀pọ̀ nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan náà: iṣan, etí, ojú, ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka iye àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún sí nǹkan bí 684,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà.

Nínú gbogbo eré tó ń kọ́ ìdúróṣinṣin, ijó ló dà bí ẹni pé ó ń fún ọpọlọ níṣẹ́ jù. Ní Bronx, ní New York, Joe Verghese àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn 469 tó ti lé ní ọdún 75, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2003. Nínú gbogbo eré ìdárayá tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, ijó nìkan ni wọ́n rí pé àwọn tó ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí ló ń lọ jó, nítorí náà ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò tó láti fi pinnu. Ní Magdeburg ní Jámánì, wọ́n ṣe èyí tó lágbára sí i, tó jáde ní ọdún 2017. Àwọn arúgbó kan ń jó fún oṣù 18, wọ́n sì ń yí ẹsẹ̀ ijó náà padà lemọ́lemọ́ kó má bàa mọ́ wọn lára. Àwọn kejì ń ṣe eré ìdárayá tó ń tún ohun kan náà ṣe. Hippocampus àwọn méjèèjì pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn oníjó nìkan ni ìdúróṣinṣin wọn dára sí i.

Yíyí ẹsẹ̀ ijó padà yẹn kì í ṣe nǹkan àjèjì fún ẹni tó bá ti jó bàtá rí. Oníjó bàtá kò mọ ibi tí ìlù máa gbé e lọ. Ìyáàlù á pe ẹsẹ̀ kan, á dá a dúró lójijì, á pe òmíràn, oníjó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó túmọ̀ rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀, èjìká àti orí dáhùn kí ìlù tó kọjá. Gbogbo nǹkan tí àwọn olùwádìí Magdeburg ń wá, àṣìṣe kékeré, àtúnṣe kíákíá, ohun tuntun nígbà gbogbo, ló wà níbẹ̀. Eré àwọn ọmọdé náà kò kéré. Nínú súwè, ọmọ á ju òkúta sí ojú àpótí tó fà sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ kan fò kọjá rẹ̀, á lọ títí dé òpin, á yí padà lórí ẹsẹ̀ kan náà, á wá tẹ̀ba láti ṣa òkúta náà láìfi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Ìtẹ̀ba yẹn ló le jù. Orí ń lọ sísàlẹ̀, omi inú etí ń yí, ìwọ̀n ara ń lọ síwájú, ojú ń wo òkúta dípò ọ̀nà, ọrùn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń gba gbogbo rẹ̀ dúró. Nínú ten-ten, àwọn ọmọ méjì á dojú kọ ara wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé orin, wọ́n á fò, ẹnì kọ̀ọ̀kan á yọ ẹsẹ̀ kan jáde, á sì ti máa rò ó tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni ẹnì kejì fẹ́ yọ? Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ti fi fóònù rọ́pò eré wọ̀nyí. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní àyè tó tẹ́jú díẹ̀ lè dá wọn padà láìná kọ́bọ̀.

Àgbàlagbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ohun èlò. Ara ògiri tàbí ẹ̀yìn àga tó wúwo tó láti gbá mú ti tó, kí ilẹ̀ sì gbẹ, pàápàá tó bá jẹ́ táìsì. Ó dára kó bọ́ bàtà, àyàfi tí ìtọ̀ ṣúgà bá ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di aláìmọ̀lára. Ó lè kọ́kọ́ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó dúró bẹ́ẹ̀. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, kó gbé gìgísẹ̀ ọ̀kan síwájú ìka ẹsẹ̀ kejì, kó sì máa rìn bẹ́ẹ̀ lórí ìlà kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kan á kúrò nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni pé wọ́n á dúró síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí dídúró lórí ẹsẹ̀ kan kò bá mú ara mì mọ́, àkókò tó láti fi nǹkan kún un: kó yí orí lọ́tùn-ún lósì, kó dúró lórí ẹní tí wọ́n ká, kó máa ka iye láti 100 wá sẹ́yìn ní méje-méje, kó ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri kó sì mú un. Dídi ojú ló kẹ́yìn, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn tó gbé jáde ní ọdún 2020, ní kí àwọn tó ti pé ọdún 65 máa ṣe eré tó ní ìdúróṣinṣin àti agbára iṣan nínú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Fún àwọn tó ní àrùn Parkinson, tai chi, eré àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n fi ń gbé ara láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti fi ara rẹ̀ hàn. Fuzhong Li àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon fi í wé eré agbára àti eré ìnara láàárín àwọn aláìsàn 195 fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn tó ṣe tai chi dúró dáadáa ju àwọn méjì yòókù lọ, wọn kò sì ṣubú tó àwọn tó kàn ń nara.

Bí etí inú ẹ̀gbẹ́ kan bá bàjẹ́, ọpọlọ lè kọ́ láti fi èyí tó kù àti ojú ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá fún un ní iṣẹ́. Terence Cawthorne àti dókítà Cooksey ní Bìrìtìkó rí èyí láàárín ọdún 1940 sí 1950, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn wọn tó ń mi orí, tó ń rìn káàkiri láìka òòyì sí, ń sàn ju àwọn tó sùn lọ. Wọ́n to àwọn eré náà lẹ́sẹẹsẹ, láti yíyí ojú lórí bẹ́ẹ̀dì títí dé rírìn gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Láti ara iṣẹ́ wọn ni ìtọ́jú òde òní ti jáde.

Òòyì kan wà tí eré lásán kì í wò, òun ló sì pọ̀ jù láàárín àgbàlagbà. Èèyàn á yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kó gbójú sókè wo pẹpẹ, gbogbo yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ń gbé oògùn mì lórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀rún òkúta inú etí ló já kúrò ní àpò rẹ̀, tó bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò olómi. Dókítà etí tàbí onífisiotẹ́rápì tó mọ ọ́n ṣe lè yí orí aláìsàn sí ìhà mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí John Epley ti Amẹ́ríkà ṣe kọ́ wọn, kí òkúta náà lè yí padà sí ibi tó ti wá. Ó sábà máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Bí òòyì bá dé pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ọwọ́ tó rọ tàbí ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ pọ̀, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì tí kò sì dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé rọpárọsẹ̀ ní ọpọlọ ìpàkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.